Ọkọ̀ Gíga Tó Ń Gbọn Èèyàn: Ayé Mi Nídìí Iṣẹ́ Sípíríǹgì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ èyí tí mo fi ayé mi ṣe. Iṣẹ́ sípíríǹgì ni. Mẹkáníìkì ni gbogbo ayé ń pè wá, ṣùgbọ́n a kì í fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ohun tó wà láàárín táyà ọkọ̀ àti ìdí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ ni tiwa. Sípíríǹgì ni irin tó máa ń tẹ̀, tó tún máa ń nà. Ṣọ́ọ̀kì ni òpó kékeré tó ń kì í mọ́lẹ̀ kó má baà máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn rọ́bà pélébé pélébé tún wà láàárín irin àti irin tó ń gba ìjà fún wọn. Bí gbogbo ìwọ̀nyí bá dáa, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ò ní mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi dúpẹ́ lọ́wọ́ onísípíríǹgì. Ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá bàjẹ́ ni wọ́n máa ń rántí orúkọ rẹ̀.

Agége ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ ará Ìjẹ̀bú-Igbó ni bàbá mi. Télọ̀ ni wọ́n. Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Bàbá mi àti Ọ̀gá Kàmọ́rù, ọmọ ìlú wọn tó ń ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì, jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà. Wọ́n sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá ní Dópẹ́mù pẹ̀lú ṣòkòtò tí bàbá mi fi àjákù aṣọ rán fún mi. Owó oṣù kò sí fún ọmọ iṣẹ́ láyé ìgbà yẹn. Oúnjẹ ọ̀sán wà, ìbáwí sì wà.

Ọ̀gá Kàmọ́rù ga, ó tín-ín-rín, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn dé àyà. Kì í pariwo. Bó bá ti ń bínú ni ohùn rẹ̀ á máa wálẹ̀, títí tí wàá fi ní láti sún mọ́ ọn kó o tó gbọ́ bó ṣe ń bú ẹ. Ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òòlù. Kẹrosíìnì ni mo fi ń fọ irin. Bí a bá sì ti tún ọkọ̀ kan ṣe tán, ọ̀gá á gbé mi jókòó sẹ́yìn, á wà wá gba ọ̀nà Akówọnjọ lọ, níbi tí kòtò pọ̀ sí.

"Kí lo gbọ́?"

"Ẹ̀yìn ló ń dún, sà."

"Ẹ̀yìn ọ̀tún àbí ẹ̀yìn òsì?"

"Ti… òsì, sà."

"Bọ́ sílẹ̀."

Ó ti fi mí sílẹ̀ lọ nìyẹn. Màá fẹsẹ̀ rìn padà dé ṣọ́ọ̀bù nínú oòrùn. Bí mo bá dé, á bi mí bóyá mo ti rántí ẹ̀gbẹ́ tó ń dún. "Ojú lè tàn ẹ́ jẹ," á ní, "etí náà lè tàn ẹ́ jẹ. Ìdí èèyàn kì í purọ́." Mo kórìíra rẹ̀ nígbà náà, n ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, ìrìn ẹsẹ̀ náà ń dínkù.

Ohun kejì tó kọ́ mi ni pé kò sí rọ́bà tó gbọ́dọ̀ di mímú le nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí jáàkì. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Mo mú gbogbo nọ́ọ̀tì le dáadáa, mo nu ọwọ́, mo ń dúró de oríyìn. Ọ̀gá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì tú gbogbo rẹ̀ padà.

"Ọkọ̀ tó wà lókè yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà sílẹ̀ ni," ó wí. "Bó o bá mú rọ́bà le báyìí, ọjọ́ tó bá balẹ̀, rọ́bà á lọ́. Á máa bá irin jà títí tó fi máa ya. Sọ ọ́ kalẹ̀, jẹ́ kó fi ìwọ̀n ara rẹ̀ dúró, kó o tó mú un le. Ṣé èèyàn máa ń so bẹ́líìtì mọ́ra nígbà tó bá ń na ara ni?"

Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo fara dà á.

Nígbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba sójà, dé, ayé yí padà lójú wa. Ṣọ́ọ̀kì tuntun di ohun tí a ń wò nínú gíláàsì bí ẹni ń wo góòlù. Ọkọ̀ àlòkù tòkunbọ̀ gba ìgboro. Ọ̀nà ń bàjẹ́, àwọn sójà tó wà lórí àlééfà ò sì rí ti ọ̀nà Agége rò. Ìgbà náà ni àṣà gbígbé jíìpù sókè bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan gbé e sókè nítorí kòtò àti omi òjò. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn olówó tó ń ná an ní Allen Avenue, gbé e sókè kí wọ́n lè máa wo orí èèyàn láti òkè. Wọ́n á ki irin sábẹ́ sípíríǹgì, wọ́n á wá ra táyà ràgàjì tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Jíìpù á ga, á dùn ún wò. Kí o wá wọ inú rẹ̀. Bí ìgbà tí wọ́n ń gún èèyàn nínú odó ni. Táyà ńlá wúwo, ó máa ń ju ọkọ̀ sókè bó bá ti wọ kòtò. Irin tí wọ́n kì sábẹ́ rẹ̀ kò tẹ̀, ṣọ́ọ̀kì tí wọn ò pààrọ̀ ti kúrú jù fún gíga tuntun, nítorí náà ńṣe ló máa ń nà tán tí á sì máa fọ́ orí mọ́ òpin ara rẹ̀. Àwọn tó ń gbé e sókè pọ̀. Àwọn tó lè mú kó rọ̀ lẹ́yìn náà ò tó nǹkan, ọ̀gá mi sì wà lára wọn.

Ibẹ̀ ni Mọ́mì Agbẹ̀bí ti wọ ayé wa.

Obìnrin sísanra ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ó ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan lọ́nà Àgbádó, lẹ́yìn Agége. Bí ìrọbí obìnrin kan bá ti kọjá agbára rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé e wá sí ọsibítù ní Ìkẹjà, nínú jíìpù kan tó ti yọ àga ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, tó wá to pákó àti bẹ́ẹ̀dì sí i. Odò kékeré kan wà lọ́nà náà tó máa ń kún bo ọ̀nà lásìkò òjò, nítorí náà ó ní kí wẹ́dà kan, ẹni tó ń jó irin mọ́ irin, ní Àgídìngbì bá òun gbé ọkọ̀ náà sókè. Wẹ́dà ṣe é. Ó fi ewé sípíríǹgì lọ́rì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń tò léra, kún ti jíìpù, ó ki irin sí i, ó sì gbé e lé táyà ńlá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Mọ́mì wa ọkọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù wa, kò tíì bọ́ sílẹ̀ tó ti ń sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá Kàmọ́rù, ẹ gbà mí. Ọkọ̀ yìí ń pa àwọn ọmọ mi lára. Lánàá, ọmọdébìnrin kan tó ń rọbí bẹ̀ mí pé kí n sọ òun kalẹ̀."

"Kí ló fẹ́ ṣe nílẹ̀?" ni ọ̀gá bi í.

"Ó ní òun á fẹsẹ̀ rìn. Pẹ̀lú ìrora! Ó ní ẹsẹ̀ òun tu òun lára ju ọkọ̀ mi lọ."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kó dúró, òun á yẹ̀ ẹ́ wò láìpẹ́. Ọkọ̀ oníbàárà mìíràn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sípíríǹgì ti ọkọ̀ náà kì í ṣe ewé, èyí tó lọ́ bí ejò ni. Kó tó lè jáde, ó ní láti di fífún pọ̀ mọ́ra pẹ̀lú irin ìfúnpọ̀ oníbóòtù. Tiwa ti gbó. Ojú bóòtù rẹ̀ ti jẹ, a sì ti ń wá òmíràn kiri láìrí. Ọ̀gá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì lé gbogbo wa sẹ́yìn. Ó ní òun nìkan ni kó wà nídìí rẹ̀.

N ò rí ìgbà tí irin ìfúnpọ̀ náà já. Ìró rẹ̀ ni mo gbọ́, bí ìbọn. Nígbà tí mo máa wo ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ó ti jókòó sílẹ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ yà síbi tí apá kì í yà sí. Sípíríǹgì náà ti fò kọjá orí òrùlé páànù wa. Ká ní ó ti gbà á lórí ni, mi ò ní ìtàn kankan láti sọ fún yín.

Ọ̀wọ́n epo pẹtiróòlù wà láàárín ìlú lásìkò náà. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ní epo nínú ní gbogbo àgbègbè wa lọ́jọ́ náà: ti Mọ́mì Agbẹ̀bí. A gbé ọ̀gá sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn jíìpù, mo kúnlẹ̀ tì í, mo di apá rẹ̀ mú sórí ìrọ̀rí.

N ò tíì gbọ́ kí ọ̀gá mi pariwo rí. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Gbogbo kòtò tó wà láti Dópẹ́mù dé Ìkẹjà ni mo fi igbe rẹ̀ mọ̀. Bí táyà ńlá yẹn bá ti wọ ihò, ọkọ̀ á gbé wa sókè, á jù wá sílẹ̀, ọ̀gá á sì ké "Yéè! Allāhu!" Mọ́mì náà ń sunkún nídìí sítíárìn, ó ń kọrin ìjọ wọn, ó sì ń rọra wà á bí agbára rẹ̀ ṣe mọ.

Àwọn sójà dá wa dúró lójú ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn bi í pé, "Mama, wetin you carry?"

Mọ́mì ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà débi tó fi yọ lẹ́nu rẹ̀: "Na belle woman, my son. She wan born."

Sójà yọjú wo ẹ̀yìn. Ó rí ọ̀gá mi pẹ̀lú irùngbọ̀n.

"This one? Na him wan born?"

Ọ̀gá mi, nínú ìrora rẹ̀, gbé orí sókè ó ní, "Officer, jọ̀ọ́, jẹ́ ká lọ bí i." Sójà bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ jù wá pé ká máa lọ.

Wọ́n to eegun apá náà ní ọsibítù, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì funfun dì í. Nígbà tí mo lọ wò ó lọ́jọ́ kejì, mo rò pé yóò sọ̀rọ̀ nípa irin tó já. Kò sọ ọ́.

"Múfútàù," ó ní, "láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹni tó jókòó ni mò ń tún ọkọ̀ ṣe fún. Ẹni tó jókòó ní ẹsẹ̀ tó lè fi tẹ ilẹ̀, ó ní ọwọ́ tó lè fi di nǹkan mú. Ẹni tó dùbúlẹ̀ ò ní nǹkan kan. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbà pátá. Obìnrin yẹn sọ fún mi, mo fi rẹ́rìn-ín."

Lẹ́yìn náà ló fún mi ní àṣẹ méjì. Àkọ́kọ́ ni pé kí n fi ayùn gé irin ìfúnpọ̀ tó já yẹn sí wẹ́wẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà tún un lò. Ìkejì ni pé kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ jíìpù Mọ́mì lọ́jọ́ tí òun bá ti dé.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọ̀gá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi fúrúùtù pẹ̀lú apá rẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́ ọrùn, èmi wà lábẹ́ ọkọ̀. Àríyànjiyàn ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá fẹ́ kí ọkọ̀ náà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Mọ́mì fárígá. "Omi odò yẹn máa ń dé ibí yìí," ó fi ọwọ́ lé orúnkún. "Bí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀, inú omi ni wọ́n á ti máa bímọ fún mi."

"Bó bá sì wà bó ṣe wà yìí ńkọ́?"

"Ṣebí ẹ̀yin lọ̀gá. Ẹ jẹ́ kó ga, kó sì rọ̀."

Ọ̀gá wá ní ká yọ ìdajì irin tí wọ́n kì sábẹ́ rẹ̀.

Táyà la kọ́kọ́ mú. Wẹ́dà ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí tó fi le bí òkúta. Ọ̀gá ní táyà ńlá kò nílò afẹ́fẹ́ líle tó bẹ́ẹ̀ láti gbé ọkọ̀ kékeré. Ó ní kí n fi ẹfun kùn ún láti etí dé etí, kí n wà á síwájú díẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́. Ẹfun àárín nìkan ló parẹ́, èyí tó fi hàn pé àárín táyà nìkan ló ń tẹlẹ̀. A ń dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo ẹfun fi ń parẹ́ dọ́gba. Èyí nìkan ti mú ìyàtọ̀ wá.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo tú àwọn ewé sípíríǹgì. Mo yọ ti lọ́rì dànù, mo fi àwọn ewé tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn rọ́pò rẹ̀. Mo fi fáìlì, irin tí a fi ń rẹ́ irin, rẹ́ ẹnu wọn kí wọ́n má ṣe máa ha ara wọn, mo fi gírísì kùn wọ́n. Wẹ́dà ti fi irin rọ́pò àwọn rọ́bà kan, a dá rọ́bà padà. A wá ṣọ́ọ̀kì tó gùn tó gíga ọkọ̀ náà, ara jíìpù tòkunbọ̀ kan ni a ti rí i. Ọ̀gá ò sì gbàgbé okùn bíréèkì, rọ́bà tí òróró bíréèkì ń gbà dé ẹsẹ̀ ọkọ̀: ó ní kí n gbé ọkọ̀ sókè kí táyà lè nà sílẹ̀, kí n wò ó bóyá okùn náà gùn tó. Kò gùn tó. Bí kòtò ńlá kan bá ti fà á ni ì bá já. A fi èyí tó gùn rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí a parí, ọ̀gá gun ẹ̀yìn jíìpù, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì àwọn aboyún, apá ṣì wà nínú sìmẹ́ǹtì.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ò ní jẹ́ kí èmi dùbúlẹ̀?"

"Egungun tìẹ ò dá. Kí lo fẹ́ gbọ́? Máa wà á lọ. Wà á bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí."

Mọ́mì jókòó tì mí níwájú. A gba ọ̀nà Àgbádó. Ọkọ̀ náà rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu, mo sì ń yọ̀ nínú mi, títí a fi dé ibi tí ọ̀nà ti yí. Jíìpù fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀mùtí. Mọ́mì pariwo, "Jésù! Ó fẹ́ dojú dé!"

Láti ẹ̀yìn ni ọ̀gá ti sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀: "Ó ti rọ̀ jù. Dá ewé kan padà sí i. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù."

A padà, a fi ewé kan kún un, a fi rọ́bà ìdènà sábẹ́ rẹ̀, a tún lọ. Ní ọjọ́ kẹta ìdánwò, ọ̀gá ò sọ̀rọ̀ kankan ní gbogbo ọ̀nà. Mo wo ẹ̀yìn, mo rò pé nǹkan ti ṣe é. Ó la ojú sílẹ̀, ó ń wo òrùlé ọkọ̀.

"Kí lẹ gbọ́, sà?"

"Mo gbọ́ apá mi," ó dáhùn. "Ó dákẹ́."

Mọ́mì gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó padà wá, ó gbé àgbọ̀n ọsàn fún wa. Ó ní òun gbé obìnrin kan lọ sí Ìkẹjà, obìnrin náà ń rọbí o, ṣùgbọ́n láàárín ìrora kan sí èkejì, ó ń ṣàròyé ìyá ọkọ rẹ̀ fún òun títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù. "Ọkọ̀ tó jẹ́ kí aboyún ráyè ṣòfófó," ó ní, "ọkọ̀ nìyẹn."

Apá ọ̀gá jinná, ṣùgbọ́n kò tún lè gbé òòlù kọjá èjìká mọ́. Kò ráhùn. Láti ìgbà náà, bí jíìpù gíga èyíkéyìí bá wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ọ̀kan nínú wa gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ kó tó jáde. Àwọn olówó Allen máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan bi mí pé ṣé òkú ni mo fẹ́ máa fi ọkọ̀ òun gbé ni. Mo ní, "Alhájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dùbúlẹ̀ wò." Ó dùbúlẹ̀ pẹ̀lú agbádá rẹ̀. Kó tó dìde, ó ti gbà.

Mo gba fíríìdóòmù, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi lápá Àgídìngbì. Àwọn sójà lọ, ìjọba alágbádá dé, irinṣẹ́ ń yí padà. Bóòtù ìfúnpọ̀ di ẹ̀rọ tó ní àgò ààbò. Ṣọ́ọ̀kì tó ń lo afẹ́fẹ́ dé, sípíríǹgì tó jẹ́ àpò rọ́bà dé, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sì ń fi kọ̀ǹpútà bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn gbogbo rẹ̀, n kì í ṣe àgbà tó ń bú ohun tuntun. Kọ̀ǹpútà máa ń sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ fún ẹ. Ohun tó ń ṣe ẹni tó wà nínú rẹ̀, ìwọ lo máa lọ bá a dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin tó ń wá iṣẹ́, ẹ wo ìyẹn nínú iṣẹ́ tí ẹ bá máa mú: ta ló máa gba ìyà rẹ̀ bí ẹ bá ṣe é lágọ̀? Ẹ lọ wo ibi tí ẹni náà wà kí ẹ tó fọwọ́ kan irin.

Ọdún tí mo ń múra láti fẹ̀yìn tì ni àwọn ọmọ Ọ̀gá Kàmọ́rù pè mí. Ọsibítù ti dá a sílẹ̀, wọ́n ní kó lọ sinmi nílé ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Gbogbo wa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sẹ́yìn jíìpù tèmi, mo gbé e. Ó ti fúyẹ́ bí aṣọ. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun pátá. Kò sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀nà, mo sì ń rọra wà á. Nígbà tí a dé, àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbé e wọlé, ó fi ọwọ́ òsì pè mí. Mo tẹ etí mọ́ ọn lẹ́nu, nítorí ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ púpọ̀.

"Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn rẹ," ó ní, "ti ọ̀tún. Ó ti ń kú lọ."

"Mo gbọ́, sà."

"Ṣé o mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"N ò mọ̀, sà."

Ó di ojú rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ sọ pé kí n bọ́ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pè mí láàárọ̀ pé ọ̀gá ti kú, pé wọ́n fẹ́ sin ín kó tó di ìrun ọ̀sán. Jíìpù náà ṣì wà bó ṣe wà. Mo wọ aṣọ iṣẹ́ tí mo ti ká sínú àpótí, mo ki jáàkì sábẹ́ rẹ̀, mo tú ṣọ́ọ̀kì náà, mo fi tuntun síbẹ̀. Mo sọ ọkọ̀ kalẹ̀, mo jẹ́ kó fi ìwọ̀n ara rẹ̀ dúró, mo wá mú nọ́ọ̀tì le. Lẹ́yìn náà ni mo tó fọwọ́, mo wọ agbádá, mo sì gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú lọ.